Onílé Sájẹ́ǹtì

Ọ̀gá ilé-ìwé ni ọkùnrin náà kí ó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Bí ìdílé bá pé jọ, òun ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í yàtọ̀: "Bàbá wa àti ìyá wa gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Ní ìdílé tiwa, a kì í kọ ara wa sílẹ̀." Àwọn ọmọ ilé ti mọ̀ ọ́n sórí débi pé bí ó bá ti wúkọ́ báyìí, wọ́n á ti máa mi orí.

Nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá bá a lẹ́ẹ̀kẹta pé ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ òun ti di iṣu ata yán-an-yàn-an, kò jẹ́ kó sọ ọ́ dé ìdí.

"Ta lo rí tó lọ kóòtù rí nínú ilé yìí?"

"Dádì àgbà, ṣé ó dá yín lójú pé kò sí?"

Ìbéèrè yẹn gún un bí ẹ̀gún. Ó ní kí ó fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Òun yóò lọ gba ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó àwọn òbí òun níbi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ sí, òun yóò fi férémù sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ ọkọ máa rí i lára ògiri.

Akọ̀wé tó bá ní ọ́fíìsì ìwé kóòtù jẹ́ obìnrin kan tó fi aṣọ bo imú nítorí eruku. Ó wọ inú lọ, ó pẹ́, ó wá gbé fáìlì kan jáde tí wọ́n fi okùn dì bí igi ìdáná.

"Bàbá, orúkọ méjèèjì wà níbí. Ṣùgbọ́n fáìlì ìkọ̀sílẹ̀ ni."

"Tún un wò dáadáa, ọmọ mi. Ìgbéyàwó ni mo bi ọ́."

"Ìgbéyàwó náà wà níbẹ̀, sà. Òun ni wọ́n tú ká."

Ìyá rẹ̀ ló pe ẹjọ́. Bàbá rẹ̀, sájẹ́ǹtì tó ń kọ́ àwọn sọ́jà tuntun ní yíyan, ti kúrò ní bárékè, ó sì kó bárékè wọ ilé. Ó ń fi fèrè jí ìyàwó rẹ̀ ní aago márùn-ún. Ó ń yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò bóyá eruku wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: "Olúwa mi, ọkọ ni mo fẹ́, n kò wọṣẹ́ ológun." Ọjọ́ náà gan-an ni adájọ́ tú wọn ká.

Ọ̀gá ilé-ìwé fi ìka ka déètì lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún méjì lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wọ́n bí òun. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí àbúrò òun, bàbá nọ́ọ̀sì.

"Orúkọ ló jọ orúkọ," ó sọ, ó da nọ́ńbà iṣẹ́ ológun sájẹ́ǹtì náà kọ, ó sì gbọ̀nà ọ́fíìsì ìwé àwọn ológun lọ, láti lọ fi hàn pé ẹlòmíràn ni. Fáìlì jáde, àwòrán jáde. Etí ńlá méjì tí òun náà ń gbé kiri ló wà lórí àwòrán náà.

Fọ́ọ̀mù kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ń kún lọ́dọọdún. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọdún gorí ọdún. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ẹni náà jẹ́ sí i, bàbá rẹ̀ kọ ọ́ gbàgàdà: "Onílé mi." Ọdún kan ṣoṣo ló yàtọ̀: "Onílé mi, ìyá àwọn ọmọ mi." Ó jọ pé ẹnì kan bá a wí, nítorí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó padà sí "Onílé mi."

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ló gbà lọ tààrà. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀?"

Ìyẹn yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Mo kúkú wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn kóòtù ni bàbá wa gbé àpótí rẹ̀ dé, ó ní òun gbọ́ pé yàrá ẹ̀yìn ṣófo. Ilé tí ìyá wa jogún ni. Wọ́n gbà á bí ayálégbé."

"Ayálégbé! Èmi àti àbúrò mi wá ńkọ́?"

"Ayálégbé tó mọ ara rẹ̀ lò ni." Ẹ̀rín pa á títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Nígbà tó jẹ́ ọkọ, ó ń pàṣẹ. Nígbà tó di ayálégbé, ó ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ó ń fọ abọ́. Mo ní kí wọ́n tún ara wọn fẹ́. Ìyá wa ní, 'Kí n tún lọ ba ọmọlúwàbí jẹ́?'"

"Ẹ ò sì sọ fún mi, ní gbogbo ọdún tí mo fi ń wàásù?"

"O ò bi mí."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ìdílé péjọ. Nọ́ọ̀sì wá. Ọkọ rẹ̀, awọnlẹ̀, wá pẹ̀lú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti borí. Ọ̀gá ilé-ìwé ti ro irọ́ rẹ̀ jinná: ikán ti jẹ fáìlì. Àfi bó ṣe wo ojú ọmọ àbúrò rẹ̀, tó rí i bó ṣe rù tó, tí egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Ó rántí pé òun kò tíì bi í rí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ó pa irọ́ náà tì. Ó mú ẹ̀dà fáìlì méjèèjì jáde, ó kà á sí wọn létí, kò fo ìlà kan.

Awọnlẹ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ó dára bẹ́ẹ̀, sà. Kí kóòtù tú wa ká, kí n wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn."

"Sájẹ́ǹtì tọrọ kó tó wọlé," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ìwọ ò tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí."

Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló sin nọ́ọ̀sì lọ sí kóòtù, nítorí òun ló mọ ọ̀nà. Adájọ́ béèrè bóyá ìdílé ti gbìyànjú láti parí ìjà náà.

"A gbìyànjú, olúwa mi. Èmi ni mo dá gbogbo rẹ̀ sọ. N kò gbọ́ tẹnu rẹ̀."

Nígbà tí adájọ́ tú ìgbéyàwó náà ká, tí wọ́n jáde, nọ́ọ̀sì dì í lápá mú sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá ilé-ìwé wúkọ́.

"Tó o bá tún máa fẹ́ ọkọ mìíràn—"

"Dádì àgbà."

"Ó tán, ó tán," ó sọ, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n ti lè rí omi tútù mu.