Gíláàsì Ọkọ̀ Tíṣà Mọ́ṣádé

"Wáyà pupa ló wà lápá òsì o," Rahmah rọra sọ ọ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ̀, Ràsákì, rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo ọ̀nà Ìjagun mọ̀ bí ẹni mowó, fi ìka wá wáyà náà. Ó ti ki ọwọ́ bọ inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀. Oṣù kẹjọ rèé tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ rẹ̀ yìí nìkan ló sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún rìwáyà tí kò ríran? Ni Rahmah, abiyamọ ọlọ́mọ méjì, bá di ojú fún bàbá rẹ̀.

Tíṣà Mọ́ṣádé tó ni ọkọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ó ń wò wọ́n. Ọkọ̀ ọ̀hún ti dàgbà. Mọ́tò wíńdò, ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì, ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló kú, tí gíláàsì fi rì sínú ilẹ̀kùn láti àná, òjò sì ti ṣú lápá Ayépé tó ń lọ. Tókùnbọ̀ ni mọ́tò wíńdò tó rà wá láti fi rọ́pò rẹ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ Bàbá," ni Tíṣà wí. "Wọn ò tilẹ̀ wo ibi tí wọ́n ń de bóòtù sí! Iṣẹ́ mà ti mọ́ wọn lára o."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Rahmah, ẹ̀rù sì tún bà á. Ṣebí òótọ́ ni.

Rahmah fi ọwọ́ gbé gíláàsì dé ìdajì kí wọ́n lè so ó mọ́ mọ́tò náà. Ràsákì so wáyà tán, ó tẹ bọ́tìnnì sókè. Mọ́tò náà dún, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ojú bàbá tàn.

"Alihamudulilahi! Tíṣà, gíláàsì yín ti gòkè. Kí òjò máa bọ̀!"

Kò gòkè o. Gíláàsì tí Rahmah fi ọwọ́ gbé dé ìdajì ti wọlẹ̀ pátápátá. Tíṣà wo ojú wíńdò tó ṣófo, ó wo bàbá tó ń rẹ́rìn-ín. Yéè, a gbé!

Ràsákì na ọwọ́ síbi tó yẹ kí gíláàsì wà. Kò bá nǹkan kan.

"Ó wọlẹ̀ ni?"

"Ó wọlẹ̀, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Tíṣà, ẹ má bínú. Ojú mi ló ti lọ. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n sọ." Ó tún ki ọwọ́ bọ inú ilẹ̀kùn, ó fi ìka tọ ara mọ́tò náà yíká. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ni wọ́n ti tú èyí. Ó bá tiwa mu, àmọ́ òdìkejì ló ń yí. Rahmah, fi wáyà yìí sípò ìyẹn, kó o fi ìyẹn sípò èyí."

Rahmah ṣe bẹ́ẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Gíláàsì gòkè, ó dé òkè pátápátá.

Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Ẹni tó ríran ló tà á fún mi, kò mọ̀ pé ti ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yin ẹ fi ọwọ́ lásán mọ̀ ọ́n! Ọ̀gá ni yín, Bàbá. Àmọ́ ojú yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti lọ sí ọsibítù?"

"Bí wọ́n bá rí mi níbẹ̀, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ló máa gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́!" Igbe ni Rahmah fi sọ ọ́. "Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo fẹ́ máa sọ àwọ̀ wáyà lábẹ́lẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́ pé wáyà á gbiná mọ́ yín lọ́wọ́." Omijé ti dà lójú rẹ̀.

Ràsákì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

"Àwọn mẹkáníìkì ń wò wá?"

"Gbogbo wọn pátá."

"Ó dáa. Tíṣà, ṣé ẹ lè já wa sílẹ̀ ní ọsibítù kẹ́ ẹ tó lọ?" Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Mú mi dání."

Rahmah gbá ọwọ́ náà mú. Ó mú bàbá rẹ̀ yí iwájú ọkọ̀ ká, lójú gbogbo wọn, lọ́sàn-án gangan, kò sì yára.