Wúrà Ẹnu Ọ̀nà Wa

"Ìyáàfin, ẹ má bínú o, igi yìí kì í ṣe apta," ni Ọ̀gbẹ́ni Deo wí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ó wá kí ọmọ rẹ̀ ládùúgbò náà. Ó já ewé kan, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. "Ó là sí méjì bíi pátákò màlúù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé apta kéré jù báyìí lọ, ó sì nípọn. Kanchan nìyí. Ẹ ò rí òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò?"

Kumud gba ewé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọdún tó kọjá tó ti kúrò ní báńkì, kò ní iṣẹ́ méjì ju kí ó máa mọ igi àdúgbò wọn ní ìlú Pune, ní Íńdíà, lórúkọ lọ. Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ó ń kó àwọn aládùúgbò lẹ́yìn kiri: dóńgóyárò rèé, ajàgbọn rèé, ọ̀pọ̀tọ́ rèé. Ìyá Onígi ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni alága àwọn ìdílé tó ń gbé ilé wọn, Ọ̀gbẹ́ni Bhalerao, tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ìlú láti gé igi ẹnu ọ̀nà, kí mọ́tò rẹ̀ lè ráyè. Ẹni tó bá lòdì sí i gbọ́dọ̀ kọ̀wé kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Kumud ti kọ ọ́: apta ni igi náà. Ta ni yóò gé apta? Ewé rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní wúrà lọ́jọ́ ọdún Dasara. Wọ́n á fún ọ̀rẹ́, wọ́n á fún ọ̀tá, ìjà á sì tán. Ọgbọ̀n ìdílé ló ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

"Ẹ mú un lọ bẹ́ẹ̀," ni Deo wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ti mọ̀. Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá." Ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi, torí bí wọ́n bá yọwọ́, igi lọ nìyẹn.

Ìyá alága gan-an ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé náà, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Kumud kọ́kọ́ lọ. Màmá jókòó ní pálọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ rẹ̀ ń mu tíì. Kumud sọ gbogbo rẹ̀.

Bhalerao rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láṣọ. "Ìyá Onígi kò mọgi! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, wúrà ayédèrú la ń pín kiri."

Màmá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Ayédèrú, àbí? Ọdún mọ́kànlá ni bàbá rẹ àti àbúrò rẹ̀ kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ewé igi yìí ni wọ́n fi parí ìjà. Ojú mi ló ṣe, àwọn méjèèjì sunkún bí ọmọdé. Ó yá, gbé fóònù. Pe àbúrò bàbá rẹ, sọ fún un pé ewé yẹn kì í ṣe ojúlówó, kó padà máa bínú."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Àbí kí n bá ọ pè é?"

Bhalerao wo fóònù, ó wo ìyá rẹ̀. "Níbo wá ni kí n gbé mọ́tò sí?"

"Ibi tó ń sùn látẹ̀yìnwá. Ṣé ó ti sunkún rí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà, kò lè dá a dúró. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Kumud, ó fagi lé apta, ó kọ kanchan sí i, ó sì fọwọ́ sí i lábẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀.

"Ìdílé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló kù," ni Kumud wí. "Mo gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo wọn."

"Bá a lọ," ni Màmá wí fún ọmọ rẹ̀, ó sì fa àwo ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ra.

Wọ́n jọ dúró níwájú ilẹ̀kùn tó kàn. Kumud kànkùn. Nígbà tí onílé yọjú, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ nira fún un tó bó ṣe rò: "Mo ṣì yín lọ́nà. Kanchan ni igi wa ń jẹ́. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ẹ?"