Ẹ̀jẹ̀ àti Ọfà Nínú Àpò Kan

Ìgbátí ni Bektur kọ́kọ́ rí gbà kí ó tó mọ̀ pé Emil, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti dé ẹ̀yìn òun.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan iṣẹ́ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé..."

Àlàyé kẹ̀! Ta ní í ṣàlàyé fún Emil ní gbogbo ìlú Bishkek? Géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣẹ̀dá: ẹlẹ́ṣin ń jà lórí òkè, orí ń fò, ìfun ń tú síta. Jagunjagun kọ̀ọ̀kan ní àpò tí kọ̀ǹpútà ń to ohun ìní rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè ru àpò méjì tó jẹ́ irú kan náà. Èyí tó bá dé gbẹ̀yìn á ti àkọ́kọ́ dànù. Emil wá dá irú àpò kan ṣoṣo fún gbogbo nǹkan: ẹ̀jẹ̀ tó gbé ẹ̀mí wọn ró, ọfà, ẹran, omi. Bektur pariwo títí pé kí ẹ̀jẹ̀ ní irú tirẹ̀, kí ọfà ní tirẹ̀. Emil ní aláṣejù ni.

Bẹ́ẹ̀ àlejò tó fẹ́ gbé géèmù náà jáde ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Emil sì ti búra: bí àlejò bá kọ̀ ọ́, kí Bektur padà sílé wọn ní Naryn lọ máa da àgùntàn bàbá wọn. Bektur kórìíra àgùntàn bí ẹni kórìíra ikú. Ìdí nìyí tó fi yọ́ tún un ṣe.

"Dá a padà bó ṣe wà."

"Àwọn jagunjagun á kú, ẹ̀gbọ́n. Tí wọ́n bá ti mú ọfà, ẹ̀jẹ̀ wọn á pòórá."

"Orí ẹ ló máa pòórá!"

Emil fi orúnkún gún un nínú. Wọ́n jọ ya lu tábìlì, tíì gbígbóná bó Bektur lọ́rùn. Ó bu Emil jẹ lápá títí ẹnu rẹ̀ fi kún fún ẹ̀jẹ̀. Ni Emil bá fa àpótí inú tábìlì yọ, ó ki ọwọ́ ọ̀tún àbúrò rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì fi gbogbo ara tì í pa. Ìka ró pá. Ọmọ ìyá ẹni! Ìkà èèyàn! Bektur ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Emil jókòó, ó dá iṣẹ́ padà sí tàtijọ́.

Nígbà tí àlejò wọn, Sabira, jókòó, Bektur ló ń bu tíì, torí òun ni àbúrò. Ọwọ́ òsì ló fi ń bù ú. Ó ti fi ọ̀tún pa mọ́ sínú ẹ̀wù.

Ogun bẹ̀rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Olórí ẹlẹ́ṣin bẹ́ ọ̀tá méjì lórí, Sabira rẹ́rìn-ín músẹ́. Olórí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọfà, gbì! Ó kú. Èyí tó tẹ̀lé e mú ọfà, òun náà kú. Kò pẹ́, òkè kún fún òkú tí ọ̀tá kankan kò fọwọ́ kàn.

"Kí ló ń pa wọ́n?" Sabira béèrè.

Òógùn bo Emil. "Nǹkan kékeré ni, mà. Àbúrò mi mọ̀ ọ́n ṣe." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Bektur, àbúrò mi, jọ̀ọ́, wá tún un ṣe."

Bektur yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó gbé e ka iwájú àlejò. Ìka mẹ́ta ti wú, wọ́n ti dúdú, ọ̀kan tẹ̀ sẹ́yìn pátápátá.

"Ọwọ́ náà nìyí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kó tún un ṣe."

Sabira wo ọwọ́ náà, ó wo apá Emil tí eyín ti dá egbò sí, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Emil sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà wọlé.

"Àgùntàn bàbá wa pọ̀," Bektur ní. "Ẹ palẹ̀ mọ́, ká jọ lọ."