Aṣọ tí Màmá Fojú Wọ̀n

"Ẹ ṣé o, aǹtí," ni ìyá wí, bí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyá tó bí yín kọ́ yín dáadáa."

Kànìnkànìn dúró lọ́wọ́ tísà. Ìyá tó bí i ló kúkú ń wẹ̀ fún. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ìyá yìí fi ń pè é ní "ìwọ", tó ń fi "ìwọ" bá a wí, tó ń fi "ìwọ" kẹ́ ẹ. Láti bí oṣù mẹ́ta ló ti di "ẹ̀yin", bí àlejò tó yà béèrè ọ̀nà. Kò sí èébú tó dùn ún tó ọ̀wọ̀ yẹn.

Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ ní aago mẹ́rin, láti wá gbé ìyá wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà nílùú tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọn ò jà sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá ti tan sítóòfù kalẹ̀ nígbà tí tísà wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ dúró dè? Nǹkan kan ṣoṣo ni tísà ń fẹ́: kí ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, lẹ́ẹ̀kan péré, kí mọ́tò tó dé.

Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tó ń fi ọpọlọ jẹun, tí ọpọlọ ìyá rẹ̀ wá ń yọ́ bí iyọ̀ lójú rẹ̀! Ọdọọdún ló ń fi ẹfun ya ọpọlọ sójú pátákó bí ilé. Yàrá kótópó kan ló kọ́kọ́ wà, á ní, lókè ọ̀pá ẹ̀yìn: ibẹ̀ ni àṣẹ mímí ti ń wá. Ẹja ní in, alángbá ní in. Ìpàkọ́ ní yàrá tirẹ̀, tó ń bá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣètò. Lẹ́yìn àìmọye ọdún ni gbọ̀ngàn ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bò wọ́n lórí, tí èdè àti èrò ń gbé. Kò sẹ́ni tó wó yàrá àtijọ́ rí, ẹ̀yin ọmọ; orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́lé lé.

Dókítà ti sọ fún un pé ibi kékeré kan nítòsí etí, tó ń gba ọ̀rọ̀ tuntun wọlé, ló kọ́kọ́ bàjẹ́ lórí ìyá. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọwọ́ ti kọ́ tipẹ́," dókítà ní, "ó máa ń pẹ́ kó tó lọ." Gbólóhùn yẹn ni tísà gbé sọ́kàn. Bí a ò bá rí àdán, à á fòòbẹ̀ ṣẹbọ. Bí ẹnu ò bá mọ̀ ọ́n, kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n.

Aránṣọ ni ìyá, ó sì mọṣẹ́ náà bí ẹní mowó. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ tán, tísà fa ẹ̀rọ ìránṣọ jáde, ó nu eruku rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé síwájú ìyá.

"Màmá, mo fẹ́ kí ẹ rán nǹkan fún ọmọ yín obìnrin."

Ojú ìyá là. "Ọmọ mi! Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa." Ó na téèpù sí i. "Ẹ wọ̀n mí. Ìwọ̀n kan náà ni wá."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kẹ̀? Haa, aǹtí, ẹ tún lè dápàárá báyìí! Ta ní ń fi téèpù wọn ọmọ tó tinú rẹ̀ jáde? Ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n."

Ló bá mú àlùmọ́gàjí. Ẹni tí ń wá balùwẹ̀ kiri nínú ilé oníyàrá méjì, ó gé aṣọ láìfi ẹfun sàmì, ọwọ́ rẹ̀ ò ṣì rárá. Ẹsẹ̀ bá pédà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kù. Tísà jókòó tì í, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un, inú rẹ̀ ń dùn. Bí ọwọ́ bá ti mọ̀ mí, ó ń sọ lọ́kàn, ẹnu á tẹ̀ lé e. Bí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan bá kọ irú ìyẹn sínú ìdánwò, á fún un ní òdo.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ nígbà tí ìyá feyín já òwú, tó gbọn aṣọ náà, tó sì gbé e sókè.

Aṣọ ọmọ ọdún méje ni.

Tísà gbà á, ó yí inú rẹ̀ síta. Ìṣẹ́tí rẹ̀ gún régé. Ó wá rí i pé ìyá ti fi aṣọ pélébé kan tì í nínú lápá òsì, kí èjìká méjèèjì lè ga dọ́gba. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni tísà nígbà tó já lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí èjìká òsì rẹ̀ sì rẹlẹ̀ láti ọjọ́ náà. Gbogbo aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ni ìyá ń rán báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tísà fúnra rẹ̀ ti gbàgbé.

"Ó dáa, àbí?" ìyá ní. "Ẹ bá mi pè é, aǹtí. Ó ń ṣeré níta. Kó wá wọ̀ ọ́ wò, kí n rí èjìká ẹ̀."

Tísà gbá aṣọ náà mọ́yà. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ síta bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lóòótọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, àgbàlagbà obìnrin tó ń wá ara rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ àdúgbò. Ìgbà náà ni ẹkún gbọ̀n ọ́n. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń sunkún pé ìyá òun gbàgbé òun. Ìyá ò gbàgbé rẹ̀. Òun ló ti dàgbà kúrò níbi tí ìyá ti ń retí rẹ̀.

Mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó rí aṣọ kékeré náà, ó rí ojú àbúrò rẹ̀.

"Ṣé Màmá ti ṣe tán?"

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń retí ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Èmi ni."