Kọ́là Tó Ń Wú

Bí ìdí bá jẹ́ ogún ni, màmá aránṣọ yìí ì bá ti pín tirẹ̀ fún ọmọ-ọmọ méje, kí ó sì ṣẹ́ kù fún àlejò láti jókòó lé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí funfun kọ́kọ́ yọ ní ìka rẹ̀, tó gun ọwọ́, tó sì yí ẹnu rẹ̀ ká, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi sunkún. Ní ọjọ́ kẹrin, ó sọ ara rẹ̀ ní Adíkálà.

"Ẹ wò mí dáadáa," ló máa ń wí fún oníbàárà. "Ẹlẹ́dàá fẹ́ tún mi kùn, ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ rẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ti jọ ń ránṣọ láti ọdún mẹ́tàlélógún, ló sìn ín lọ sí ọsibítù. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbọ́ ohun tí dókítà sọ: kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ràn, ẹnikẹ́ni ò sì fi ṣe é. Àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa lé àrùn ló ṣìnà, tí wọ́n ń bá ará ilé jà, tí wọ́n ń pa ohun tó ń fún awọ ní àwọ̀. Kó máa bo ara lóòrùn, kó máa lo ìpara. Bóyá àwọ̀ náà á padà, bóyá kò ní padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́? Kì í ràn!" Àbúrò gbá a mọ́ra níwájú dókítà. Kò sí ìpara tó tó ìyẹn.

Àbúrò ló ń gé aṣọ, àwọn méjèèjì ń rán an, àbúrò ló sì ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kí oníbàárà tó dé.

Ni kọ́là bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí Adíkálà rán á máa yọ kókó bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, aṣọ líle tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ á ṣí. Awakọ̀ kan dá ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta padà. Adíkálà gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta aṣọ líle náà lọ.

"Ìwọ olójú bíi bọ́tìnnì tó já yìí, ayédèrú lo tà fún mi!"

"Màmá, ẹ rọra. Omi gbígbóná ló ń tú u. Ta ló ń fọ aṣọ tuntun?"

Ìbéèrè yẹn bá a délé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tètè gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé. Àbúrò rẹ̀ ti lóṣòó ti ọpọ́n, ooru ń yọ lára omi, òórùn oògùn apakòkòrò gba gbogbo ilé. Ṣẹ́ẹ̀tì tí Adíkálà rán lánàá ló wà nínú ọpọ́n. Èyí tí àbúrò rán wà lórí ìkọ́, ó gbẹ táútáú.

Òórùn náà! Ọdún méjì ló ti ń gbọ́ ọ lára aṣọ, àbúrò ní oògùn aáyán inú kọ́bọ́ọ̀dù ni.

"Kí lo ń fọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi... ẹ ti dé?"

"Mo ní kí lo ń fọ̀? Ṣé ìdọ̀tí ni, àbí èmi?"

"Torí àwọn oníbàárà ni. Ẹ mọ ẹnu ayé."

"Oníbàárà wo ló wà níbí báyìí?"

Àbúrò fa ṣẹ́ẹ̀tì náà yọ nínú omi, ó ń fún un.

"Ṣebí àwa méjèèjì la jọ gbọ́ ọ? Ta ló gbá mi mọ́ra?"

"Etí mi gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkàn mi ni ò gbà."

Adíkálà wá ẹ̀fẹ̀ kan sọ, kò rí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Àbúrò sáré po tíì, ó gbé e wá nínú ife búlúù. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti ọsibítù dé ló ra ife náà. "Tiyín nìkan ni o, ẹ̀gbọ́n mi. Àgbà kì í bá ọmọdé du ife." Adíkálà ti fi ife yẹn yangàn kiri àdúgbò.

Ó wo ife náà títí. Ó mu tíì díẹ̀, ó sì tì í padà síwájú àbúrò rẹ̀ lórí tábìlì ìgéṣọ.

"Mu."

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Ọmọ ìyá mi, mu tíì."

Àbúrò gbé ife, ó gbé e dé àgbọ̀n. Omijé ń kán sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ètè ò là.

Adíkálà fa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú, níbi tí gbogbo ayé á ti máa rí ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ́là awakọ̀.

"Tó bá tutù, dà á nù," ó ní, kò wẹ̀yìn. "Kí o sì fọ ife náà. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́."