Okun Nínú Igbó Ìjọba

Ìjàlọ àkọ́kọ́ bu Magdalene jẹ ní kókósẹ̀, kò pariwo. Èkejì bù ú jẹ níbi tí kò ṣe é dárúkọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ ó panu mọ́. Inú ewéko ló sá pamọ́ sí pẹ̀lú ìdì igi ìdáná tó ṣẹ́. Simon gáàdì igbó ń bọ̀, bàtà rẹ̀ ń dún pàkà-pàkà lórí ewé gbígbẹ.

Igbó ìjọba nìyí o. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbẹ̀, igi lọ, àdá lọ, òun fúnra rẹ̀ dèrò àgọ́ ọlọ́pàá. Olè jíjà kò wu Magdalene. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló ti wà nínú àpò lábẹ́ òkúta nílé rẹ̀ ní Ògìdì láti ìjẹta, omi rẹ̀ ti ro tán. Bí kò bá yan án ní gaàrí lónìí, yóò kan kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà. Igi oko tirẹ̀ sì ti tán láti èṣí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n àáké kì í buni jẹ bí ìjàlọ.

Simon dúró. Ọmọ Òkè-Bùkún ni, ọmọ ilẹ̀ Okun bí àwọn ará Ògìdì, ó mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Kò wo ìdí igi, kò tú ewéko wò. Ó kàn túra ká bí ẹni tó pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́nà oko.

"Okun o!"

Ẹ gbà mí! Ta ni wọ́n bí nílẹ̀ yìí tí wọn yóò kí, tí kò ní dáhùn? Etí tí ìyá Magdalene gbá nítorí ìkíni nígbà tó wà lọ́mọdé kò lóǹkà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu. Ẹnu kò gbọ́.

"Okun o," ló bọ́ jáde.

Kó tó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, ẹnìkan dáhùn lókè igi: "Okun o, ọmọ mi!" Katikísì Moses ni, ẹni tó wàásù olè jíjà lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó gbá garawa oyin mọ́ra. "Okun o!" Èyí wá láti ẹ̀yìn òkìtì ọ̀gán. "Okun, o kú iṣẹ́ o!" Èyí wá láti inú kòtò.

Inú Simon dùn dọ́ba. "Ó tán! Gbogbo yín, ẹ jáde!"

Ẹni tó kọ́kọ́ jáde nínú kòtò, tó ru ìdì igi tó ju ti gbogbo wọn lọ, Ìyá Priscilla ni, ìyá tó bí ìyàwó Simon. Simon na gbalaja sílẹ̀ tòun taṣọ ìjọba.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì."

"O fẹ́ mú mi, àbí? Iṣu tí wọ́n fi gún iyán tó o jẹ lánàá, ṣé oòrùn ló sè é?"

Simon kò dìde. "Mọ́mì, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í rí iwájú. Bí mo bá dìde, màá rí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá, ìjàlọ ti wọ ṣòkòtò mi."

Magdalene rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé igi karí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Gaàrí yóò yan lónìí. Ó bojú wẹ̀yìn láti kí àwọn tó kù pé ó dàbọ̀.

Ó rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà: Katikísì, Ìyá Priscilla, ẹni ẹ̀yìn ọ̀gán tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì. Igi kankan kò dí i lójú. Igbó tí ọdẹ ti ń ṣìnà fọ́jọ́ mẹ́ta nígbà èwe Magdalene ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pápá! Abájọ tí àgbàlagbà fi ń sá sí kòtò.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gaàrí tòní ti rígi. Ti ọjà tó ń bọ̀ ńkọ́? Ó rọra ń lọ sílé.