Ìpẹtà Lára Igi Màmá

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún mọ́!"

Bàbá dúró, àkísà tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Láràárọ̀ ló máa ń nu ewé igi méjì tó wà níwájú ilé: gúáfà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà igi tí òdòdó pupa rẹ̀ dà bíi búrọ́ọ̀ṣì ìfọgò. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ló gbin ìyẹn. Ta ló sì fẹ́ sọ fún Bàbá, télọ̀ tí kì í gba ìdọ̀tí láyè, pé kó fi eruku sílẹ̀ lára igi ìyàwó rẹ̀?

"Eruku títì ni," ó ní. "Àbí mo gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí n tó nu ewé?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ò rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ àyẹ̀wò àrùn ewéko ló ń ṣe, ó sì ti já ewé igi náà lọ síbi iṣẹ́. Lábẹ́ awò tó ń mú ohun kékeré tóbi, ìyẹ̀fun yẹ́lò tó wà lára ewé náà kì í ṣe eruku rárá. Ìpẹtà ni, àrùn ewé tó ń ràn bí iná inú pápá. Lára gúáfà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n lágbègbè náà. Ẹnikẹ́ni ò rí i lára irú igi màmá rí. Ọ̀gá rẹ̀ fò sókè: "O káre! Ohun tuntun lo rí yìí!" Gbogbo wọn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó lọ sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀, torí igi tó bá ti ní in, gígé ni, sísun ni.

"Bàbá, àìsàn ni. Gúáfà ló kọ́kọ́ mú. Ó ti wá mú igi màmá náà."

Bàbá wo gúáfà, ó wo igi kejì, ó wá wo àkísà.

"Ṣé èmi ni mo kó o ràn án?"

Irọ́ ti dé ẹnu ọmọ. Ṣebí atẹ́gùn náà máa ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n bàbá yìí ò purọ́ fún un rí, kódà lọ́jọ́ tí dókítà sọ pé màmá ò ní í dìde mọ́.

"Ó lè jẹ́ atẹ́gùn. Àmọ́ mo rò pé àkísà yẹn ni, Bàbá."

Bàbá rọra jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Háà! Mo ṣebí ìtọ́jú ni mò ń ṣe."

"Ìtọ́jú náà ni." Ó jókòó tì í, ó gbá a mọ́ra. "Ẹ ò mọ̀ ni. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún pé mo mọ̀ gan-an, mo mọ̀ ọ́n ni?"

"A jẹ́ pé wọ́n ń fowó ṣòfò nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó nawọ́ sí ilé kejì, níbi tí irú igi kan náà ti yọrí lẹ́yìn ọgbà. "Tiwọn ńkọ́?"

"Kò tíì mú un. Tá a bá tètè gé tiwa méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí tiwọn yè. Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn òṣìṣẹ́ wa, kí ẹ lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi títí wọ́n á fi ṣe tán."

"Wọ́n lè gé gúáfà. Àmọ́ kí àlejò wá gé igi ìyá ẹ? Ká má rí i!"

Ó wọlé lọ mú àdá. Ọmọ rẹ̀ da nílọ́nù ńlá bo orí igi náà kí ìyẹ̀fun má baà fọ́n. Bàbá gé ẹ̀ka kan, ó gé ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, ọwọ́ rẹ̀ ò wá sílẹ̀ mọ́. Ó na àdá sí ọmọ rẹ̀.

"Gbà. Èmi ò lè ṣe é."

"Ká fi í sílẹ̀ dọ̀la?"

"Rárá. Gé e, ọmọ mi. Mo wà níbí."

Ọmọ ń gé e, ó ń sunkún. Bàbá ò wọlé. Ó di ìdí igi náà mú fún un títí igi fi já.